Àwòpọ̀ àti Ìdínkù Ìnáwó Nínú Àgbékalẹ̀ Ọkọ̀ Ogun Ojú Omi: Ẹ̀rí Odò Ọya ní Lọ́kọ́jà, 1832 sí 1857

Ìfáárà

Ní Lọ́kọ́jà, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí, ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé. Ẹni tí ó bá gun Òkè Patí, tí ó sì wo ìsàlẹ̀, yóò rí omi méjèèjì bí wọ́n ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó di odò kan ṣoṣo tí ó forí lé òkun. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka èdè Yorùbá, ń gbé lágbègbè náà pẹ̀lú àwọn Nupé, Ígálà, Ẹ̀bìrà àti Haúsá. Ìtàn mọ Lọ́kọ́jà gẹ́gẹ́ bí ibùdó òwò, ibùdó iṣẹ́ ìránṣẹ́ ẹ̀sìn Kírísítì àti ibùdó ìjọba amúnisìn. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí a lè gbà wò ó: ibẹ̀ ni a ti dán ọgbọ́n àwọn tí ń ṣe àgbékalẹ̀ ọkọ̀ ojú omi wò ní ìgbà mẹ́ta láàárín ọdún méjìlélógún, tí odò sì dájọ́ fún oníkálukú wọn.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìrìn àjò tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ohun èlò jọ fún jù lọ, èyí tí ó wáyé ní ọdún 1841, ni ó fọ́ pátápátá. Ìrìn àjò kékeré tí ọkọ̀ kan ṣoṣo ṣe ní ọdún 1854 ni ó kẹ́sẹ járí. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kì í ṣe pé irin ọkọ̀ kejì dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìbéèrè tí a bi kí a tó kan ọkọ̀ náà ni ó yàtọ̀. Àpilẹ̀kọ náà yóò sì tọ́ka sí ohun kan tí àwọn oníṣirò ìgbà náà kò kọ sínú ìwé wọn, ìyẹn ni ẹni tí ìdínkù ìnáwó náà ṣe láǹfààní àti ẹni tí ó san gbèsè rẹ̀.

Ohun tí Àwòpọ̀ Jẹ́

Ohun èlò ogun tí ó díjú kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ogun ojú omi ní ara, ó ní ẹ́ńjìnnì, ó ní ìbọn ńlá, ó ní ibi tí a ń kó èédú tàbí igi ìdáná sí. Àwọn ènìyàn ń sùn nínú rẹ̀, wọ́n ń jẹun nínú rẹ̀, wọ́n sì ń ṣàìsàn nínú rẹ̀. Omi tí ó ń rìn lórí rẹ̀ pàápàá jẹ́ ara ohun tí ó yẹ kí a kà mọ́ ọn. Bí a bá tún ọ̀kan nínú ẹ̀yà wọ̀nyí ṣe, a ti fọwọ́ kan ìyókù. Bí ara ọkọ̀ bá nípọn sí i, ọkọ̀ yóò wúwo. Bí ó bá wúwo, yóò rì wọ inú omi sí i. Bí ó bá rì wọ inú omi jù, odò tí kò jìn kò ní gbà á. Ìmọ̀ tí ó ń kọ́ ni láti wo gbogbo ẹ̀yà àti ìbátan tí ó wà láàárín wọn kí a tó yí ọ̀kan padà ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní àwòpọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Bell Telephone Laboratories ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fún un ní orúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́, ní àwọn ọdún 1940.

Ìbejì àwòpọ̀ ni ọgbọ́n dídín ìnáwó kù láìdín iṣẹ́ kù. Lawrence Miles, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, ni a ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí olùdásílẹ̀ rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀wọ́n ohun èlò mú kí ilé iṣẹ́ náà máa fi ohun kan rọ́pò òmíràn. Wọ́n sì ṣàkíyèsí pé nígbà mìíràn, ohun àfirọ́pò náà kò wọ́n tó ti àtẹ̀yìnwá, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ tó o. Ní ọdún 1947, Miles sọ àkíyèsí yìí di ìlànà. Kì í béèrè pé, “Kí ni nǹkan yìí?” Ohun tí ó ń béèrè ni pé, “Iṣẹ́ wo ni nǹkan yìí ń ṣe? Kí ni ohun mìíràn tí ó lè ṣe iṣẹ́ kan náà ní owó tí ó kéré sí i?” Ní ọdún 1954, ẹ̀ka tí ń bójú tó kíkan ọkọ̀ fún àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gba ìlànà náà wọlé. Ọdún yẹn pé ọgọ́rùn-ún ọdún gééré tí ọkọ̀ Pleiad wọ Odò Ọya.

Bí orúkọ ẹ̀kọ́ yìí tilẹ̀ jẹ́ tuntun, èrò inú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Alágbẹ̀dẹ tí ó mọ iṣẹ́ kì í rọ ọkọ́ láìmọ irú ilẹ̀ tí àgbẹ̀ ń ro àti bí apá rẹ̀ ti lágbára tó. Irin tí ó dára lórí èèkù tí kò bá ọwọ́ mu kì í ṣe ọkọ́ tí ó dára. Ohun tí alágbẹ̀dẹ mọ̀ nípa ọkọ́ ni Odò Ọya fi pá àwọn akànkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí láti mọ̀ nípa ọkọ̀ wọn.

Quorra àti Alburkah, 1832

Ní ọdún 1830 ni Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ tọ Odò Ọya lọ títí dé òkun, tí iyèméjì nípa ibi tí odò náà ń ṣàn sí fi tán nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, Macgregor Laird, ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣòwò láti ìdílé akànkọ̀, kó àwọn ọkọ̀ wá láti Liverpool. Méjì nínú wọn ń fi agbára oru omi gbígbóná rìn. Ọ̀kan, Quorra, jẹ́ ọkọ̀ onígi. Èkejì, Alburkah, jẹ́ ọkọ̀ onírin tí ó kéré jù ú lọ dáadáa. Àwọn olùkọ́ èdè yóò mọ orúkọ méjèèjì dunjú. Quorra ni Kwara, orúkọ tí àwọn Haúsá ń pe Odò Ọya, tí Ìpínlẹ̀ Kwara ń jẹ́ títí di òní. Alburkah sì ni albarka, ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń pè ní àlùbáríkà.

Àwọn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ pé irin kò lè dá òkun kọjá, pé ooru ilẹ̀ Áfíríkà yóò sun àwọn ènìyàn inú rẹ̀ bí ẹni sun iṣu. Alburkah já wọn nírọ́. Òun ni a mọ̀ sí ọkọ̀ onírin àkọ́kọ́ tí ó la òkun ńlá kọjá. Nígbà tí wọ́n dé ìtòsí ìpàdé odò, Quorra fi ìdí lé yanrìn, ó sì jókòó síbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ títí omi fi tún kún. Ọkọ̀ kékeré tí ó fúyẹ́ ni ó ṣe é fi rìn kiri. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: ìwọ̀n omi odò jẹ́ ara ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣòro tí ó ju yanrìn lọ wà nílẹ̀. Nínú àwọn òyìnbó méjìdínláàádọ́ta tí ó bá ìrìn àjò náà lọ, mẹ́sàn-án péré ni ó padà sílé láàyè. Ibà ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù. Laird fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó yè, àìlera sì bá a délé. Ọkọ̀ onírin ti yege, ṣùgbọ́n àwọn tí ń tù ú ti kú. Ẹni tí ó bá wo irin nìkan yóò sọ pé ìrìn àjò náà ṣàṣeyọrí. Ẹni tí ó bá wo odidi yóò sọ pé ó kùnà.

Ọkọ̀ Mẹ́ta ti Ọdún 1841

Ní ìparí àwọn ọdún 1830, Thomas Fowell Buxton àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rọ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti rán ọkọ̀ lọ sí Odò Ọya, kí wọ́n bá àwọn ọba ibẹ̀ ṣe àdéhùn pé òwò ẹrú yóò dópin, kí wọ́n sì dá oko àwòṣe sílẹ̀. Ìjọba gbà. Ọkọ̀ onírin mẹ́ta ni John Laird, ẹ̀gbọ́n Macgregor, kàn fún iṣẹ́ náà ní Birkenhead: Albert, Wilberforce àti Soudan. Albert àti Wilberforce gùn tó nǹkan bí 139 ẹsẹ̀ bàtà lọ́kọ̀ọ̀kan; Soudan kéré jù wọ́n lọ. Ọkọ̀ ogun ni wọ́n. Àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi, Henry Dundas Trotter, William Allen àti Bird Allen, ni ó ṣàkóso wọn.

Àgbékalẹ̀ àwọn ọkọ̀ yìí kún fún ọgbọ́n. Ìdí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ nítorí odò tí kò jìn. A fi ògiri irin pín inú wọn sí yàrá yàrá, kí omi má baà kún gbogbo ọkọ̀ bí àpáta bá lu ihò sí ibì kan. Èyí dára, ṣùgbọ́n ògiri kan náà tí ó dá omi dúró ni ó ń dá afẹ́fẹ́ dúró. Àwọn oníṣègùn ìgbà náà sì gbà gbọ́ pé afẹ́fẹ́ burúkú tí ń jáde láti inú irà ni ó ń fa ibà. Nítorí náà ni a ṣe pe Dókítà David Boswell Reid, onímọ̀ nípa èròjà láti Edinburgh, ẹni tí ó ti ṣètò afẹ́fẹ́ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London lẹ́yìn tí iná jó ilé àtijọ́ ní ọdún 1834.

Reid ṣe ẹ̀rọ kan sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Abẹ̀bẹ̀ ńlá tí ń yí ni ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, a sì lè mú kí afẹ́fẹ́ náà gba inú àpótí irin kan kọjá, níbi tí a kó èròjà tí ń pa òórùn sí. Láti ibẹ̀ ni páìpù ti ń pín in kiri inú yàrá gbogbo. Lójú àwọn tí ó ṣe é, odi ni wọ́n mọ yí àwọn ọmọ ogun ká: afẹ́fẹ́ burúkú kò ní rí ọ̀nà wọlé.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1841 ni àwọn ọkọ̀ náà wọ Odò Ọya. Wọ́n bá Àttà, ọba àwọn Ígálà ní Ìdá, ṣe àdéhùn, wọ́n sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítòsí ibi tí Lọ́kọ́jà wà lónìí láti fi dá oko àwòṣe sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ibà fi bẹ́ sílẹ̀. Láàárín oṣù kẹsàn-án, Soudan kó àwọn aláìsàn padà sí etíkun. Wilberforce tẹ̀ lé e. Albert nìkan ni ó tẹ̀ síwájú dé Ẹ̀ggà nílẹ̀ Nupé, níbẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ pàápàá ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Nígbà tí ó ń bọ̀, kò sí ẹnjiníà tí ara rẹ̀ le tó láti dúró ti ẹ́ńjìnnì. Dókítà McWilliam, oníṣègùn ọkọ̀, ni ó di olùdarí. Dókítà Stanger, ẹni tí ó wá láti kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀, ni ó ṣí ìwé tí ó ń kọ́ bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, tí ó sì ń fi ohun tí ó kà wa ọkọ̀ náà títí wọ́n fi rí olùrànlọ́wọ́.

Òǹkà tí a ṣe lẹ́yìn ìrìn àjò náà ba ni lẹ́rù. Òyìnbó 145 ni ó wọ odò. 130 nínú wọn ni ibà mú, àwọn tí ó kú sì lé ní ogójì. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà nínú àwọn ọkọ̀ kan náà jẹ́ 158. Mọ́kànlá péré ni ibà mú nínú wọn, kò sì sí èyí tí ibà náà pa. Ní ọdún 1842, ọkọ̀ padà wá kó àwọn tí ó ṣẹ́kù ní oko àwòṣe kúrò, ilẹ̀ náà sì di igbó.

Ẹ̀rọ Reid kò bàjẹ́. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ bí a ti ní kí ó fẹ́. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí a gbé fún un kọ́ ni iṣẹ́ tí ìṣòro náà ń fẹ́. Ohun tí ọkọ̀ nílò ni ènìyàn tí ara rẹ̀ le. Ohun tí a rà fún un ni abẹ̀bẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Òórùn inú ọkọ̀ ni làpálàpá. Ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ni ètè. Òótọ́ ni pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ nípa ẹ̀fọn nígbà náà: ọdún 1880 ni Laveran tó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀, ọdún 1897 ni Ronald Ross sì tó rí i nínú ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kò tilẹ̀ nílò kí a mọ ẹ̀fọn. Ó ti wà nínú òǹkà náà fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á.

Kíka Òǹkà Náà, 1842 sí 1853

Ohun méjì ni òǹkà ọdún 1841 ń sọ. Èkíní ni pé inú ọkọ̀ kan náà, abẹ́ abẹ̀bẹ̀ kan náà, ni òyìnbó àti ọmọ Áfíríkà wà, síbẹ̀ ibà kò ṣe wọ́n bákan náà. A mọ̀ lónìí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó dàgbà sí etíkun ilẹ̀ Áfíríkà ti bá ibà jà láti kékeré, tí ara wọn sì ti mọ bí a ti ń kojú rẹ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, ìtumọ̀ rẹ̀ fún àgbékalẹ̀ ọkọ̀ ṣe kedere: iye òyìnbó tí ó wà nínú ọkọ̀ jẹ́ ara ìnáwó, ó sì ṣeé dín kù.

Èkejì kan oògùn. Kíníìnì, oògùn kíkorò tí Pelletier àti Caventou yọ láti inú èèpo igi ní Paris ní ọdún 1820, wà nínú àpótí àwọn oníṣègùn ọkọ̀ ní ọdún 1841. Wọ́n ń lò ó fún ẹni tí ibà ti mú. Ṣùgbọ́n T. R. H. Thomson, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn ìrìn àjò náà, lò ó fún ara rẹ̀ láti fi dènà ibà, ó sì kọ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1846. Ní ọdún 1847, Alexander Bryson, oníṣègùn ọmọ ogun ojú omi, gbé ìwé ìròyìn kan jáde lórí àrùn etíkun ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì gbani níyànjú pé kí a máa lo èèpo igi náà tàbí kíníìnì kí àìsàn tó dé.

Kò sí ohun tuntun kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ nínú gbogbo èyí. Ọkọ̀ onírin ti wà, kíníìnì ti wà, àwọn awakọ̀ ọmọ Kúrù àti ti Sàró ti wà. Ohun tí ó kù ni kí ẹnì kan gbé wọn ka orí tábìlì kan náà, kí ó wò wọ́n pọ̀.

Ọkọ̀ Pleiad, 1854

Macgregor Laird ni ó wò wọ́n pọ̀. Ó ti rí ikú ní ọdún 1832 pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, ó sì ní ìdí láti mọ ohun tí ó ń pa ìrìn àjò. Ó bá ọ́fíìsì àgbà àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn pé òun yóò pèsè ọkọ̀, ìjọba yóò sì rán àwọn aṣojú tirẹ̀ bá a lọ. Ọkọ̀ náà ni Pleiad. Irin ni a fi kàn án ní Birkenhead. Ó gùn díẹ̀ ju 100 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ó sì wọn nǹkan bí 260 tọ́ọ̀nù, nígbà tí Albert nìkan tó nǹkan bí 457. Dípò kẹ̀kẹ́ ńlá tí ń gbá omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, àjẹ̀ onírin kan tí ń yí lábẹ́ omi nídìí ọkọ̀ ni ó ń tì í lọ. Abẹ̀bẹ̀ Reid, páìpù rẹ̀ àti àpótí èròjà rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Òyìnbó méjìlá péré ni ó wọ odò pẹ̀lú Pleiad, pẹ̀lú ọmọ Áfíríkà mẹ́rìnléláàádọ́ta. John Beecroft ni ó yẹ kí ó ṣe olórí, ṣùgbọ́n ó kú ní Fernando Po kí wọ́n tó gbéra, ipò náà sì bọ́ sọ́wọ́ William Balfour Baikie, oníṣègùn ọmọ ogun ojú omi. Baikie mú un ní dandan pé kí àwọn òyìnbó máa lo kíníìnì lójoojúmọ́ kí ibà tó dé. Àkókò pẹ̀lú kò gbẹ́yìn nínú ètò náà: oṣù keje ni ọkọ̀ wọ odò, nígbà tí omi ń kún bọ̀, kí ó lè rí omi jíjìn lò kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.

Ọjọ́ 118 ni Pleiad lò lórí odò. Ó kọjá ìpàdé odò, ó yà sí Bẹ́núè, ó sì dé ibi tí ó fi nǹkan bí 250 máìlì jìn ju ibi tí ọkọ̀ òyìnbó èyíkéyìí ti dé rí lọ. Nígbà tí ó padà sí òkun ní oṣù kọkànlá, kò sí ẹnì kan tí ó kú.

Bí a bá fi ìbéèrè Miles wo ọkọ̀ méjèèjì, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yóò hàn gbangba. Iṣẹ́ wo ni ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ Reid wà fún? Láti mú kí àwọn awakọ̀ wà láàyè. Kí ni ohun mìíràn tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà? Ìwọ̀nba kíníìnì lójúmọ́, àti àwọn awakọ̀ tí ara wọn ti mọ ibà. Nígbà tí èyí dípò abẹ̀bẹ̀, abẹ̀bẹ̀ kúrò. Nígbà tí abẹ̀bẹ̀ kúrò, ọkọ̀ fúyẹ́, àyè sì ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó inú rẹ̀ dín kù, oúnjẹ àti ibùsùn tí a ó kó fún wọn dín kù. Nígbà tí ọkọ̀ sì kéré, igi ìdáná tí ó ń jẹ dín kù. Àyípadà kan ń fa òmíràn. Ẹni tí ó bá ní kí a kàn ra abẹ̀bẹ̀ tí kò wọ́n tó ti Reid ìbá ti dín owó díẹ̀ kù, àwọn awakọ̀ ìbá sì tún kú.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a gbé Pleiad gẹ̀gẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Lókè Bẹ́núè, igi ìdáná tó wọn tó bẹ́ẹ̀ tí Baikie fi ní láti fi ọkọ̀ sílẹ̀, kí ó wọ ọkọ̀ kékeré láti tẹ̀ síwájú. Ní ọdún 1857, ọkọ̀ mìíràn tí Laird pèsè, Dayspring, forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bbà, ó sì rì. Kíníìnì ti wà nínú ọkọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ nípa àpáta ìsàlẹ̀ odò kò tíì sí nínú ètò. Àwòpọ̀ kò ju ohun tí a mọ̀ lọ. Ẹ̀yà tí a kò bá kà ni yóò já ètò sílẹ̀.

Ìnáwó tí a kò Kọ Sínú Ìwé

Títí dé ibí, ojú ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni a fi wò ó. Ó yẹ kí a fi ojú ẹni tí ó wà létí odò wò ó pẹ̀lú. Nígbà tí iye òyìnbó inú ọkọ̀ dín kù láti 145 sí 12, iṣẹ́ ọkọ̀ kò dín kù. Ọmọ Áfíríkà ni ó ń gé igi, òun ni ó ń ru ú, òun ni ó ń tu ọkọ̀, òun ni ó ń wọn omi, òun ni ó ń túmọ̀ èdè. Orúkọ Laird àti Baikie wà nínú ìwé. Orúkọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn mẹ́rìnléláàádọ́ta náà kò sí nínú ìtàn tí ọmọ ilé ìwé ń kà. Ìnáwó tí a dín kù ní London, ejìká wọn ni ó gbé e.

Ohun kejì tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibà ni odi tí ó ti ń dáàbò bo inú ilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí Pleiad fi hàn pé òyìnbó lè wọ odò kí ó sì jáde láàyè, odi náà wó. Láàárín ọdún 1859 sí 1860, Baikie dá ibùdó sílẹ̀ ní Lọ́kọ́jà. Láti ibi tí Dayspring rì sí ni John Hawley Glover ti rin ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Èkó. Òun ni ó wá kó àwọn Haúsá jọ di ẹgbẹ́ ọmọ ogun ní Èkó, ẹgbẹ́ tí Ilé Iṣẹ́ Ọmọ Ogun Nàìjíríà ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun rẹ̀ ní ọdún 1863. Ní ọdún 1897, láti Lọ́kọ́jà ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ti gbéra lọ kọlu Bídà, lẹ́yìn náà Ìlọrin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, Lọ́kọ́jà kan náà ni Lugard ti kéde ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí Àríwá Nàìjíríà.

Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ pé àgbékalẹ̀ kan dín ìnáwó kù, ìbéèrè kan ṣì kù: ìnáwó ta ni? Ohun tí ó dín iye owó ìwọ̀lú kù fún ẹnì kan ni ó gbé owó òmìnira lé orí ẹlòmíràn.

Ajàyí Crowther Nínú Ọkọ̀ Mẹ́ta

Ẹnì kan wà tí ìtàn yìí kàn ní ọ̀nà tí ó kan gbogbo olùkọ́ èdè Yorùbá. Samuel Ajàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní ọdún 1822, wà nínú ìrìn àjò ọdún 1841, ó wà nínú ti 1854, ó sì wà nínú ti 1857. Ó rí abẹ̀bẹ̀ Reid, ó rí ikú, ó sì rí Pleiad. Ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lórí ìrìn àjò ọdún 1854 jáde ní ọdún 1855.

Ìrìn àjò tí ó fọ́ ní ọdún 1841 ni ó gbé e dé London. Ìwà àti òye rẹ̀ lórí odò mú kí a rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ní ọdún 1842. Ní ọdún 1843 ni a fi í joyè àlùfáà, ọdún kan náà sì ni ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá tí ó ṣe jáde. Òótọ́ ni pé àwọn tí ó ṣètò ọkọ̀ mẹ́ta náà kò ka èdè kún nǹkan bí wọ́n ti ka irin àti ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n láìsí àwọn ògbufọ̀, ọkọ̀ kì bá tí rí igi rà, kì bá tí bá ọba kankan ṣe àdéhùn. Èdè pàápàá jẹ́ ẹ̀yà ọkọ̀. Nígbà tí irin àti abẹ̀bẹ̀ Albert ti di ohun ìgbàgbé, ìwé ọ̀rọ̀ Crowther ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìkádìí

Lónìí, ibùdó ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà kan wà ní Lọ́kọ́jà tí ń jẹ́ NNS Lugard. Ní Èkó, ibi ìkànkọ̀ ti ọmọ ogun ojú omi náà ti kan ọkọ̀ agbèjà etíkun mẹ́ta nílẹ̀ yìí: Andoni ní ọdún 2012, Karaduwa ní ọdún 2016, àti Oji ní ọdún 2021. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi ju èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Orílẹ̀-èdè tí ó ti ra ọkọ̀ ogun lọ́wọ́ ẹlòmíràn fún ìgbà pípẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè àgbékalẹ̀.

Ohun tí ìpàdé odò ní láti sọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe kedere. Ẹni tí ó bá fẹ́ dín ìnáwó ọkọ̀ ogun kù kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí owó ti pọ̀ jù nínú ìwé. Ibi iṣẹ́ tí ọkọ̀ wà fún ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ka omi, àkókò, ìlera, oúnjẹ, igi ìdáná àti èdè mọ́ ọkọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ka òǹkà ìkùnà àná dáadáa, nítorí inú òǹkà ìkùnà ọdún 1841 ni àṣeyọrí ọdún 1854 ti wá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tí ejìká rẹ̀ yóò gbé ẹrù tí a sọ kalẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta tí a fi abẹ̀bẹ̀ dáàbò bò kò lè gba ẹ̀mí àwọn tí ó wà nínú wọn là. Ọkọ̀ kan tí ó wo ohun gbogbo pọ̀ gba ẹ̀mí gbogbo àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ là, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún ìbọn. Òótọ́ méjèèjì ni Lọ́kọ́jà gbé dání, kò sì yẹ kí ẹni tí ń kọ́ ọ̀kan gbàgbé èkejì.